Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ra aquamarine: àṣìṣe tó ń gbówó lọ́wọ́ àwọn tó ń kó òkúta jọ l'Ábújá

Aquamarine, òkúta iyebíye aláwọ̀ búlúù bí omi òkun, tó ń dé Àbújá láti Nasarawa àti Plateau lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n topaz búlúù, òkúta mìíràn tó jọ ọ́, náà wà nínú ilẹ̀ Plateau, òkúta quartz sì pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta. Inú àpò kan náà ni wọ́n lè bá ara wọn dé ọjà. Ẹni tó bá jẹ́ kí àwọ̀ wọ òun lójú kó tó wo ìrísí ni owó rẹ̀ máa ń bómi lọ.

Ìhà mẹ́fà ni aquamarine máa ń ní, orí rẹ̀ sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn ìlà tínńtín ara rẹ̀ sì máa ń lọ láti ìdí sí orí. Quartz náà níhà mẹ́fà, àmọ́ ìlà tirẹ̀ máa ń dábùú ara rẹ̀ ni, orí rẹ̀ a sì ṣóńṣó. Topaz ló ń tan èèyàn jù, torí ìlà tirẹ̀ náà ń lọ láti ìdí sí orí. Ẹ gbé e dúró, kí ẹ wò ó látòkè: ìrísí dáyámọ́ǹdì inú káàdì ni ẹ ó sábà rí, kì í ṣe igun mẹ́fà tó dọ́gba. Ẹ yí ìdí rẹ̀ wò náà. Topaz máa ń là ní ìbú, ojú ibi tó ti là a tẹ́, a sì máa dán. Ibi tí aquamarine bá ti ṣẹ́ a rí gbágungbàgun.

Tí òkúta náà bá dá wà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu nígbà tí ẹ lè wọ̀n ọ́n. Ẹ lo síkéèlì kékeré tó ń ka gíráàmù dé 0.01. Ẹ wọn òkúta náà ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kọ́ọ̀bù omi lé síkéèlì, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ fi òwú tín-ín-rín so òkúta náà, kí ẹ sọ̀ ọ́ sínú omi títí yóò fi rì tán, láìkan ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà tí síkéèlì bá kọ ni kí ẹ fi pín ìwọ̀n gbígbẹ. Bí 54 bá jẹ́ ti gbígbẹ, tí síkéèlì sì kọ 20, ó di 2.70. Aquamarine sábà máa ń wà láàárín 2.68 sí 2.74, topaz tó nǹkan bíi 3.5. Quartz jẹ́ 2.65, ó sún mọ́ ọn jù, nítorí náà ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn ìlà yẹn. Afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ òkúta nínú omi máa ń ba ìṣirò jẹ́. Ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan á lé e kúrò.

Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á láé. Ọ̀bẹ ò lè ha aquamarine, kò sì lè ha quartz, ẹ̀rí wo wá ni ẹ rí gbà? Etí òkúta tó ti ṣẹ́ ni ẹ ó mú délé.

Èyí tó wà lórí òkúta mìíràn ló gba sùúrù jù. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ àwọn kan nínú wọn. Ẹ wọ inú òkùnkùn, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ ayédèrú owó wò sí ìdí kírísítálì náà: ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù máa ń tàn funfun bí ẹni pé ó ń jó. Àmọ́ gọ́ọ̀mù mìíràn kì í tàn, òkúta kan tó ń jẹ́ fluorite sì lè tàn láìsí gọ́ọ̀mù kankan. Nítorí náà, ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 yí ìdí rẹ̀ ká. Ihò afẹ́fẹ́ roboto àti ìyẹ̀fun òkúta tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù ni ẹ ó máa wá. Èyí tó hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn òkúta mìíràn bíi mica tàbí feldspar sábà máa ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀.

Orí tó ti ṣẹ́, wọ́n lè fi ẹ̀rọ dán an. Ẹ tan iná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: ojú àdánidá máa ń ní àmì ìdàgbàsókè, èyí tí wọ́n dán a ní àmì híha wẹ́wẹ́ tó kọjú síbì kan, etí rẹ̀ a sì yí róbótó. Ẹ nu ún pẹ̀lú tíṣù funfun, torí òróró máa ń bo sísán mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí màláàmù tó ń tà á fi gíráàmù nìkan dá iye lé e. Ẹni tó fẹ́ gé òkúta ló ń ra gíráàmù. Fún àkójọ, kírísítálì kékeré tí orí rẹ̀ pé, tí kò ṣẹ́, tó ń dán, lè níye lórí ju ńlá tí orí rẹ̀ ti lọ. Ẹ má sanwó kún un nítorí pé wọ́n ní “wọn ò fi iná yan án”: aquamarine aláwọ̀ ewé tí wọ́n yan ní nǹkan bíi 400 sí 450 °C a di búlúù, ojú lásán ò sì lè rí i.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á gan-an, ẹ kọ abúlé, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ tó ti wá sórí ìwé tí ẹ ó fi sínú àpótí rẹ̀. Bí ẹni tó tà á ò bá mọ̀ ju “Jos” lọ, ẹ kọ ọ́ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀.