Bí mo ṣe fi òrùka Permalloy pa bíìtì kan ṣoṣo mọ́

Bíìtì ni ẹyọ ìrántí tó kéré jù nínú kọ̀ǹpútà: òdo tàbí oókan. Nínú òrùka òòfà, ìhà kan tí òòfà bá yí sí dúró fún oókan, ìhà kejì fún òdo. Òrùka Permalloy (àdàlù níkẹ́ẹ̀lì àti irin) àlòkù kan ni mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irin tín-ínrín bíi tẹ́ẹ̀pù ni wọ́n ká tí wọ́n sì kì bọ inú ike. Níkẹ́ẹ̀lì tó bí 80 nínú 100 rẹ̀, irin ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Ẹ má tú ike yẹn o! Ìgbà tí wọ́n ká a tán ni wọ́n tó yan án nínú iná ìléru. Ẹni tó bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà ti bà á jẹ́.

Mo we wáyà bàbà ọlọ́dà mọ́ ọn: ọ̀nà méjì, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún lọ́kọ̀ọ̀kan, fún iná tó ń wọlé, àti 60 fún wáyà tí yóò máa jíṣẹ́. Mo fi abẹ ha ọ̀dà ẹnu wáyà títí bàbà fi ń dán, torí lẹ́ẹ̀dì kì í mú ibi tí ọ̀dà bá kù sí.

Mo kọ́kọ́ wo àwòrán bí agbára òòfà rẹ̀ ṣe ń yí bí iná ṣe ń yí. Mo so ọ̀nà méjèèjì pọ̀, mo fi iná 200 Hz sí i, wáyà ìjíṣẹ́ gba resistor 10 kΩ àti capacitor 1 µF kọjá lọ sí oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná. Àpótí onígun mẹ́rin ló yọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo fi òrùka ferrite (èròjà òòfà tó rí bí amọ̀ sísun) tí mo yọ lára power supply kan dánwò: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dagun lásán ni. Ìyẹn ò lè rántí nǹkan kan, torí bí iná bá ti lọ, agbára òòfà rẹ̀ ń tẹ̀lé e lọ. Ti Permalloy dúró síbi tí mo fi í sí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Mo yọ capacitor, mo gbé bátìrì wá, mo ń fi fólúùmù rédíò dín iná ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kù, títí ọ̀kan nìkan kò fi lè yí òòfà náà padà. Bí mo bá tan ọ̀kan, ìlà orí oscilloscope kàn máa ń mì díẹ̀. Bí mo bá tan méjèèjì pọ̀, ó fò sókè gan-an! Ọgbọ́n tí onímọ̀ ẹ̀rọ Jay Forrester lò fún ìrántí kọ̀ǹpútà ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, nìyẹn: nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òrùka, èyí tí wáyà méjì bá ti pàdé nìkan ló máa yí.

Láti ka bíìtì náà, mo tan méjèèjì síhà òdo. Bí ó bá fò, oókan ló wà níbẹ̀, àmọ́ kíkà náà ti pa á rẹ́, àfi kí n yí bátìrì kí n tún un kọ. An Wang ti Harvard ló gbé àtúnkọ yẹn kalẹ̀.

Nígbà tó fi máa di 1953, ferrite ni kọ̀ǹpútà Whirlwind ti MIT ń lò, irú èyí tí àwòrán tirẹ̀ náà jẹ́ onígun mẹ́rin. Irin bíi Permalloy ń gbé iná, iná sì ń yí po nínú rẹ̀, ìyẹn ló ń fa yíyí òòfà rẹ̀ sẹ́yìn. Ferrite kì í gbé iná bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn láti tẹ̀ jáde ní wẹ́wẹ́.