Ọ̀dà mẹ́rin, àwọ̀ oríṣiríṣi: kíkọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ìdọ́gba

Nínú kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi ní Kubwa tàbí Nyanya, ní Àbújá níbí, ọmọ Yorùbá, Hausa, Gbagyi, Tiv àti Ìgbò lè jókòó sórí tábìlì kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ti mọ ẹni tí wọ́n ń fi àwọ̀ ara ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwàásù kì í tán an. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ gbé fún wọn.

Ẹ má pín kéréyọ̀n búráùn kan náà fún gbogbo wọn. Kí oníkálukú po àwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀dà olómi tọmọdé ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ògiri: yẹ́lò, pupa, búlúù àti funfun. Ọmọ mẹ́rin sí tábìlì kan, dígí kékeré kan láàárín wọn.

Kí ọmọ bu yẹ́lò ṣíbí kékeré méjì, pupa ẹyọ kan, kó rò ó pọ̀ títí yóò fi rí bí ọsàn tó pọ́n. Orí igi ìṣáná ni kó fi máa kán búlúù sí i díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: bí búlúù bá pọ̀jù, àwọ̀ á ṣú tàbí kó máa yí sí ewé. Pupa àti yẹ́lò ló ń tún un ṣe. Funfun díẹ̀ á mú un mọ́lẹ̀, àmọ́ bó bá pọ̀jù, á sọ ọ́ di eérú. Kó kùn ún sórí pépà tẹ́ẹ́rẹ́, kó gbẹ, kó tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù bo ọ̀dà, torí ó ń yára gbẹ.

Kí wọ́n fúnra wọn sọ àwọ̀ wọn lórúkọ: kúlíkúlí, amọ̀, dàbínù. Bí ẹnìkan bá ní "tìẹ dúdú jù", ẹ má kàn jágbe mọ́ ọn. Ẹ bi í pé ọ̀dà wo ló wà nínú tirẹ̀, ọ̀dà wo ló wà nínú ti ẹnìkejì. Mẹ́rin kan náà ni. Ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín síwájú láti fi ṣàpẹẹrẹ. Ìtìjú rẹ̀ á di méjì.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ mú náírà 20 wá, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀. Ladi Kwali nìyẹn, obìnrin Gbagyi, amọ̀kòkò, ọmọ Kwali níbí. Àwọn Gbagyi ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó yàn án fún olú-ìlú ní 1976. Ẹ bu amọ̀ tó tó ọsàn kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó yí i bí okùn, kó ká a lérí ara wọn. Kó ha ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, kó fi amọ̀ olómi lẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á já bó bá gbẹ. Bí òbí Gbagyi kan bá wà, ẹ pè é wá kọ́ wọn ní orúkọ ìkòkò lédè rẹ̀.

Ẹ to iṣẹ́ gbogbo wọn síbi tí ojú ọmọ tó, láìfi máàkì sí i.