Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo pàdánù ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí orúkọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ kú oríire. Lọ́jọ́ tí tèmi jáde lọ́dún 2024, ìdí òfì ni bàbá mi wà, wọ́n ń hun aṣọ ìyàwó kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ parí kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo sáré bá wọn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n kà á sí àwọn létí. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ìyá mi tó ń bu ẹ̀lùbọ́ sínú àpò lẹ́yìnkùlé ti dá orin kí n tó kà á tán. Ìsẹ́yìn ni ilé wa, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa wọ yunifásítì nínú ilé náà. Inú gbogbo wa dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé èyí ni kó o kọ́kọ́ ṣe, èyí ni kó o ṣe tẹ̀lé e. Lọ́dún yìí, àbúrò mi ọkùnrin náà ń wọlé. Mo jókòó tì í, mo ro gbogbo ohun tí ojú mi rí fún un, ó wá wù mí kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíì náà lè rí i kà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí JAMB. Nígbà tí mo jókòó ṣe ìdánwò wọn, èsì WAEC mi ò tíì jáde. Máàkì 241 nínú 400 ni mo gbà, ọkàn mi sì balẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹni tó bá ṣe JAMB nígbà tí èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ kò tíì jáde gbọ́dọ̀ padà lọ fi èsì náà sórí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ JAMB bó bá ti jáde, ní ibi tí JAMB fọwọ́ sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, yunifásítì kò ní rí ohun tí wọ́n máa fi gbà á wọlé, ì báà ní máàkì tó pọ̀ jù lọ. Ẹnìkan tó ní kàfé nílùú wa gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti bá mi ṣe é. Kò ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n wọ CAPS, ìyẹn ojú òpó ìgbaniwọlé JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ wò ó fúnra mi, mo débẹ̀ mo rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ibòmíì, mo dúró ti ẹni tó ń ṣe é títí ó fi parí, mo sì wò ó kí n tó kúrò níbẹ̀. Bí orúkọ yín bá jáde tán náà, ẹ padà sórí CAPS kan náà, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Accept sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ tó lè tẹ ìwé ìgbaniwọlé ti JAMB jáde. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó ń ka ọjọ́ ìwọlé nílé láìmọ̀ pé òun ò tíì gba ààyè tí wọ́n fún òun.

Ìyá mi ra fáìlì oníke kan fún mi, aláwọ̀ ewé, èyí tó ní bọ́tìnnì. Inú rẹ̀ ni mo kó ìwé ìgbaniwọlé JAMB sí, àti ti ilé-ìwé, èsì JAMB tó ní fọ́tò lára, èsì WAEC, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, ìwé NIN, ìwé ẹ̀rí ìwà rere tí pásítọ̀ wa kọ, rìsíìtì owó àkọ́kọ́ tí a ń san láti fi hàn pé a gba ààyè náà, àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́jọ. Mo ṣe ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ẹ ṣe mẹ́rin-mẹ́rin. Ilé-ìwé gba ọ̀kan, ẹ̀ka tí mo wà gba ọ̀kan, ilé ìwòsàn gba díẹ̀ níbẹ̀, ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé-gbígbé náà sì béèrè. Owó tí wọ́n ń gbà láti ṣe ẹ̀dà nínú ọgbà lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn ń wá a kọjá ohun tí wọ́n ń gbà nílé.

Àyẹ̀wò tí ilé-ìwé ń ṣe fún àwọn ìwé yẹn ni gbogbo wa ń pè ní clearance. Aago márùn-ún ìdájí ni mo débẹ̀, mo bá ìwé ìkọ̀wé kan lórí bẹ́ńṣì tí àwọn tó ṣáájú ti ń kọ orúkọ sí. Èmi ni ẹni kẹtàlélọ́gọ́ta. Ó di nǹkan bí aago kan ọ̀sán kí ó tó kàn mí. Ìyá tó jókòó sídìí tábìlì gba fáìlì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tọ ìwé WAEC, wọ́n fi ìka tọ ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n tún padà sórí WAEC. Wọ́n gbójú sókè.

“Ọmọ mi, ẹni méjì ló wà nínú fáìlì yìí.”

Nínú WAEC àti JAMB, Olúwadámiláre ni mo jẹ́. Nínú ìwé ọjọ́ ìbí, Dámiláre nìkan ni wọ́n kọ. Lójú tèmi, orúkọ kan náà ni, kò sí ẹni nílé wa tó ń pe Olúwa mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lójú ìwé, ẹni méjì ni. Wọ́n ní kí n lọ búra ní kóòtù pé èmi kan náà ni mo ni orúkọ méjèèjì, kí n mú ìwé ìbúra náà wá. Wọn ò jágbe mọ́ mi. Wọ́n kàn dá fáìlì padà, wọ́n pe ẹni kẹrìnlélọ́gọ́ta.

Mo sunkún dé gáréèjì. Nígbà tí mo délé, bàbá mi gba ìwé méjèèjì, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ní, “Òwú kan ló já. A ó so ó.” Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nídìí òfì nìyẹn. Ìwé ìbúra fúnra rẹ̀ kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Ohun tó gba àkókò ni pé a ní láti dúró kí aláṣọ tó san owó rẹ̀ kí n tó rí owó ọkọ̀, àti pé nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti kúrò lórí àwọn ẹ̀ka tiwa, mo ní láti dúró di ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ìwé wọn ní ìṣòro. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ní alẹ́ òní, ẹ kó gbogbo ìwé yín sílẹ̀, kí ẹ ka orúkọ yín lórí wọn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka ọjọ́ ìbí náà mọ́ ọn. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ tètè lọ tún un ṣe nílé, níbi tí ẹ ti mọ ọ̀nà kóòtù.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ibi tí mo wà ní apá kejì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Nínú ọgbà ni mo wà! Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan láti Ìsẹ́yìn tó wà ní ọdún kẹta ni mo wọ̀ sí, mo ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, mo ń fọ abọ́, mo ń gbálẹ̀, mo ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa pè mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń múra àtilọ sí kíláàsì, wọ́n wò mí.

“Ṣé ìwọ ò ní kíláàsì ni?”

“Àǹtí, mi ò tíì ṣe clearance tán.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé clearance ló ń ṣílẹ̀kùn kíláàsì? Dìde, lọ wẹ̀.”

Mi ò mọ̀. Ohun tí mo rò ni pé bí mi ò bá tíì ní nọ́ńbà mátíríìkì, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á lé mi jáde. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà. Gbọ̀ngàn MTH 101, kọ́ọ̀sì ìṣirò, kún dẹ́múdẹ́mú, àwọn kan jókòó sórí pèpéle, àwọn kan dúró síta lẹ́bàá fèrèsé, èmi náà dúró pẹ̀lú wọn. Mo na ọrùn wo pátákó, olùkọ́ ti kúrò lórí sets tipẹ́, wọ́n ti dé orí mathematical induction. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé láìmọ ohun tí mo ń kọ. Ọmọkùnrin tó dúró tì mí wá béèrè pé mélòó ni mo rò pé màá gbà nínú tẹ́ẹ̀sì ọjọ́rú tó kọjá. Tẹ́ẹ̀sì wo? Máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ. Mo débẹ̀ ti PHY 101, kọ́ọ̀sì físíìsì náà, bákan náà ni.

Nítorí náà, bí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ohun tí mo kọ, ẹ rántí èyí: lọ́jọ́ tí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wà níbẹ̀. Bí clearance bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ jókòó ní kíláàsì láàárọ̀, kí ẹ lọ tò sórí ìlà lọ́sàn-án. Bí ẹ ò bá tíì rí ilé-gbígbé, ẹ wá ẹni tí ẹ lè bá gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí olùkọ́ tó máa tún ọ̀rọ̀ sets sọ nítorí ẹni tó dúró de nọ́ńbà mátíríìkì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín, torí ọdún àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ṣeré, wọ́n á ní àwọn á jára mọ́ ọn ní ọdún kejì. Ọdún àkọ́kọ́ wà nínú CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba èsì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Òṣùwọ̀n márùn-ún ni ilé-ìwé wa ń lò: A, láti 70 sókè, jẹ́ 5, B, láti 60 dé 69, jẹ́ 4, C, láti 50 dé 59, jẹ́ 3. A ó fi iye yẹn sọ yúníìtì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí kọ́ọ̀sì náà ṣe wúwo tó, di púpọ̀, a ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó wá pín in pẹ̀lú àpapọ̀ yúníìtì. Yúníìtì 16 ni mo ṣe ní sáà àkọ́kọ́. BIO 101 àti GST 111 jẹ́ A, yúníìtì méjì-méjì, ìyẹn 20. CHM 101 jẹ́ B, yúníìtì méjì, 8. COS 101 jẹ́ B, yúníìtì mẹ́ta, 12. Práktíkà mẹ́ta tó jẹ́ yúníìtì kọ̀ọ̀kan, A ni gbogbo wọn, 15. MTH 101 àti PHY 101, C, C, yúníìtì méjì-méjì, mẹ́fà-mẹ́fà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 67. Ẹ pín in sí 16, ó di 4.19. Kì í ṣe èsì tó burú, ìyá mi tiẹ̀ jó. Ṣùgbọ́n 4.50 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka First Class, ìpele tó ga jù lọ, 72 ni mo sì nílò láti débẹ̀. Márùn-ún ló kù mí. Nínú MTH 101, 54 ni mo gbà láìṣe tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́. Tẹ́ẹ̀sì kejì, 12 nínú 15 ni. Bí mo bá gba 12 nínú ti àkọ́kọ́ náà, 66 ni, B ni. Ti PHY 101 náà rí bẹ́ẹ̀. B dípò C ìbá fi méjì-méjì kún àpapọ̀ mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nínú márùn-ún yẹn ló wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń gbálẹ̀ yàrá.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, ọdún 2024 yẹn náà ni òfin owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jáde, NELFUND ni àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó náà. Bàbá mi kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbèsè lórí ọmọ. Mo kà á fún wọn pé kò ní èlé, pé owó ilé-ìwé máa ń lọ tààrà sọ́wọ́ ilé-ìwé, pé 20,000 náírà lóṣù fún oúnjẹ ló ń wọ àpò báńkì akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbà. NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà mátíríìkì ni wọ́n máa béèrè. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fúnra yín lórí fóònù yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní BVN yín pé kó bá yín ṣe é.

Ilé ìwòsàn ọgbà máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín wò, wọ́n á ya X-ray àyà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé AS ni ẹ̀jẹ̀ mi (genotype). Ẹni ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà, mi ò sì tíì béèrè rí. Ẹ gba èsì yẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ó ju ọ̀rọ̀ ilé-ìwé lọ.

Tí ẹ bá ti fi orúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, ẹ tẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde, kí course adviser yín, olùkọ́ tó ń tọ́ yín sọ́nà, fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó fi sílẹ̀, nítorí kọ́ọ̀sì tí kò bá sí níbẹ̀, èsì rẹ̀ ò ní jáde bí ẹ tilẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò. Ilé-ìwé wa ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wà ní kíláàsì ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó ṣe ìdánwò, ẹ béèrè ohun tí tiyín wí. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ Mùsùlùmí nínú ọgbà máa ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní MTH, PHY àti CHM lọ́fẹ̀ẹ́ lálẹ́. Ibẹ̀ ni induction ti yé mi nígbẹ̀yìn, láàárín wákàtí kan, lẹ́nu ọmọ ọdún kejì kan tó fi ẹfun kọ ọ́ sórí pátákó kékeré. Ẹ wá wọn rí.

Fún ẹrù, korobá méjì tó ní ìdérí, kí ẹ kọ orúkọ sí ìdí wọn, àgádágodo tó lágbára, àwọ̀n ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì. Èyí tó kù, ẹ ó rí i rà níbẹ̀. Gàrí ò gbọ́dọ̀ tán.

Ní alẹ́ àná, èmi àti àbúrò mi kó ìwé rẹ̀ sórí ẹní. Fáìlì aláwọ̀ ewé yẹn náà ni, bọ́tìnnì rẹ̀ ti já, ìyá mi fi rọ́bà dè é. Ó ń ka orúkọ rẹ̀ sókè lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìka tọ lẹ́tà. Bàbá mi dá iṣẹ́ dúró nídìí òfì, wọ́n ń gbọ́. Orúkọ kan náà ni látòkè délẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni MTH 101 wọn máa bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń lọ.