Bí bíríkìlà ṣe lè rí iṣẹ́ ilé ní Ọsíẹ̀lẹ̀, Alábàtà àti ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ẹ má jókòó sí Ìtòkú tàbí Láfẹ́nwá kí ẹ máa retí ẹni tó máa wá gbé ilé fún yín kọ́. Àárín ìlú ti kún, àtúnṣe ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí ìpìlẹ̀ tuntun ti ń jáde ni Ọsíẹ̀lẹ̀ títí dé Odẹ́da lójú ọ̀nà Ìbàdàn, Alábàtà, Kóbapẹ́, Ládérin tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró láti 2021, àti Ọbàdá-Òkò tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń ra ilẹ̀ sí. Ọbáńtokò ni mò ń gbé, apá Alábàtà àti Ọsíẹ̀lẹ̀ ni mo sì mọ̀ jù, ibẹ̀ ni màá ti mú àpẹẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ilé kì í parí lẹ́ẹ̀kan ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Olùkọ́ tàbí oníṣòwò tó ra pọ́lọ́ọ̀tì kan á kó owó àjọ, á fi gbé ìpìlẹ̀ kúrò nílẹ̀, iṣẹ́ á dúró. Ó lè di ọdún tó ń bọ̀ kó tó dé líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn òkè fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Òrùlé á tún dúró de owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Tí owó ilé tó ń háyà bá ti wá ń ni ín lára, á kó wọlé láì tíì rẹ́ ògiri. Ilé kan ṣoṣo nìyẹn, iṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló sì máa ń parí rẹ̀ nígbà gbogbo. Òmíràn ti lọ Èkó, òmíràn ti bá onílé jà. Inú àwọn ilé tó dúró wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ yín wà ju orí ilẹ̀ òfìfo lọ.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn, ẹ má gun ọ̀kadà kọjá. Ilé tí igbó ti bò dé ojú fèrèsé, tí ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò tíì dé. Ẹ fi í sílẹ̀, àmọ́ ẹ bi aládùúgbò pé ta ló ni ín, kí ẹ kọ orúkọ náà sínú ìwé. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro àyíká rẹ̀, tí onítípà ti da yanrìn síwájú rẹ̀, tí dúrọ́ọ̀mù omi ti dé, iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Yanrìn tí koríko ti hù lórí rẹ̀ kì í ṣe ti iṣẹ́ tó ń bọ̀, ti iṣẹ́ tó dúró ni. Tí ẹ bá wá rí búlọ́ọ̀kù tuntun tí wọ́n tò jọ, tí ọjọ́ ń gorí ọjọ́ tí kò sí bíríkìlà kankan nídìí rẹ̀, ẹ wọlé lọ kí mẹ́gáàdì.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń mọ̀ pé ilé fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí bíríkìlà tó gbọ́. Onítípà mọ̀. Ẹni tó ń ta símẹ́ńtì mọ̀. Agbẹ́kànga náà mọ̀, torí pé omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀, kànga sì ni ọ̀pọ̀ onílé kọ́kọ́ ń gbẹ́ kí wọ́n lè rí omi po símẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n oníbúlọ́ọ̀kù ló ju gbogbo wọn lọ. Ìyá kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lójú ọ̀nà Alábàtà ti júwe mi fún onílé ju ẹnikẹ́ni lọ, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí lórí rẹ̀. Onílé tó wá ra búlọ́ọ̀kù á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ mọ bíríkìlà gidi kan?" Orúkọ ẹni tí kì í ba ọjà wọn jẹ́ ni wọ́n máa dá. Bíríkìlà tó ń ju búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ gbàà látorí ọkọ̀, tó tún yíjú sí onílé pé búlọ́ọ̀kù yìí ò dáa, wọn ò ní dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tí búlọ́ọ̀kù bá ń fọ́ lóòótọ́, oníbúlọ́ọ̀kù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá kó lè pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá kọ̀, onílé gbọ́dọ̀ gbọ́, nítorí ilé tí ọmọ èèyàn máa sùn sí ni.

Agbẹ́kànga tún wúlò fún nǹkan mìíràn. Ilẹ̀ Odẹ́da àti Ọsíẹ̀lẹ̀ kún fún àpáta, ìdí nìyẹn tí ibi ìfọ́-òkúta fi pọ̀ lápá ibẹ̀. Ẹ lè gbẹ́ igun kan kí ẹ bá iyẹ̀pẹ̀ pupa lọ sísàlẹ̀ dáadáa, kí ẹ dé igun kejì kí dígà máa ta padà sí yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti dá owó gbígbẹ́ ìpìlẹ̀ lápapọ̀ kó tó kan àpáta náà, lébìrà ni yóò kó èrè rẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ bi agbẹ́kànga àdúgbò ibi tí òun ti kan òkúta, kí ẹ sì dá owó ní ọ̀nà méjì: iyẹ̀pẹ̀ ní iye tirẹ̀, òkúta ní iye tirẹ̀. Bákan náà ni ṣọkiweè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń wọ̀ sí. Níbi tí àpáta bá ti súnmọ́ òkè, omi kì í rí ibi wọ̀ sí. Ẹ sọ ọ́ fún onílé kó tó ná owó sí i. Onílé tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí á mọ̀ pé ẹ mọ ilẹ̀ tí ẹ dúró lé.

Ẹ má kọ iṣẹ́ fẹ́ǹsì sílẹ̀. Fẹ́ǹsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe kí ẹlòmíràn má baà wọ ilẹ̀ wọn, ẹni tó bá mọ fẹ́ǹsì náà dáadáa ni wọ́n sì máa ń pè wá fún ilé. Ẹ jókòó ṣírò rẹ̀ níwájú onílé. Pọ́lọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, yíká rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 360. Búlọ́ọ̀kù gùn ní íǹṣì 18, ìyẹn ni pé ìlà kan á gba 240. Tó bá ga ní ìlà 8, ó di 1,920, kí ẹ tó yọ ti géètì, kí ẹ sì tó fi ti inú ilẹ̀ kún un. Iye búlọ́ọ̀kù tí a bá tò ni a fi ń gbowó iṣẹ́, torí náà ìṣirò yìí ń gba ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ fún un ní ìwé náà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Alábàtà, ní Ìsolú àti Harmony, ilé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ gan-an. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ ọlidé gígùn ni àwọn onílé máa ń ṣàtúnṣe, ẹ ti lọ kí wọn kí ọlidé tó dé.

Ẹ̀rù ilẹ̀ ń bà mí ju ẹ̀rù iṣẹ́ lọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣòfin ní 2016 lòdì sí àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀, síbẹ̀ bíríkìlà ni wọ́n máa ń bá lórí ilẹ̀ nígbà tí ìjà bá dé, irinṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kó. Kí ẹ tó ta okùn ìpìlẹ̀, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú sà, ṣé sàféyọ̀ ti wá fi òpó ààlà hàn yín?" Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí pulánì ilé náà. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró, iṣẹ́ yín náà á sì dúró. Ẹ tún bi lándílọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ta ló ni ilẹ̀ yìí. Tí orúkọ tó dá bá yàtọ̀, ẹ máa lọ sílé.

Owó símẹ́ńtì, ẹ má jẹ́ kó gba ọwọ́ yín kọjá. Ẹ júwe ṣọ́ọ̀bù, kí onílé san án fúnra rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì jù fún onílé tó wà lókè òkun. Ẹ máa ya fídíò ránṣẹ́ sí i nírọ̀lẹ́: ìlà tí ẹ tò, àpò símẹ́ńtì tó kù, búlọ́ọ̀kù tó wọlé. Ẹ ya ògiri kó tó di rírẹ́, torí pé ibẹ̀ ni ojú ti ń rí bí igun ṣe gún tó. Owó iṣẹ́ yín, ẹ gbà á ní ìpele ìpele, kí díẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún oúnjẹ lébìrà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lásìkò òjò, típà kì í lè wọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà Alábàtà, ìpìlẹ̀ sì ń kún fún omi. Ilé tó ti lórùlé ni kí ẹ lépa nígbà náà, torí pé rírẹ́ inú kò dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá di ìparí oṣù kẹwàá, ẹ ṣí ìwé tí ẹ kọ orúkọ sí, kí ẹ máa pe àwọn onílé lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Bíríkìlà tó ṣe fẹ́ǹsì yín ni o. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, mo kọjá níwájú ilé lánàá. Igi kan ti ń hù lára ògiri ẹ̀yìn, mo ti bá yín fà á tu. Tí ẹ bá ti múra tán láti gbé e dé líńtẹ́ẹ̀lì, mo wà nítòsí."