Pẹ́pẹ́yẹ mi sàba, kò pa: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àkọ́rọ̀ òjò ti sún mọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ẹ̀yìnkùlé sì ti ń wá kọ̀rọ̀ tí wọn yóò yé sí. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lásìkò yìí nìwọ̀nyí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá wa. Pẹ́pẹ́yẹ mi sàba lé ẹyin mẹ́rìnlá. Nígbà tó pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹyọ kan kò pa, ìyá ọkọ mi ní ó ti dòbu, a sì kó gbogbo rẹ̀ dànù. Àwọn tó fọ́, ọmọ wà nínú wọn. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó wa. Ó dùn mí gan-an. Kò sí ohun tó ṣe ẹyin yẹn, ọjọ́ rẹ̀ ni kò tíì pé. Ọjọ́ 21 ni adìẹ fi ń pa, òun la sì mọ̀ jù, la fi ń fi ojú adìẹ wo pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ funfun ti àwọn olóko ńlá ń lo ọjọ́ 28. Ṣùgbọ́n ti ìbílẹ̀ wa, èyí tí ẹran pupa yí ojú rẹ̀ ká, ọjọ́ 35 ló ń lò, ó sì lè lé ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọjọ́ tó jókòó tí kò fẹ́ dìde mọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Ẹ fi èédú kọ ọ́ sára ògiri kí gbogbo ilé rí i.

Kí ẹ tó da ẹyin nù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá tó nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀ tó gbòòrò lóru. Bí iṣan pupa bá tàn káàkiri bíi gbòǹgbò, ọmọ ń dàgbà nínú rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn, ẹ tètè gbé e kúrò, torí bó bá bẹ́ síbẹ̀, á kó bá àwọn yòókù.

Ìbéèrè: Ìdajì ẹyin tèmi ló mọ́ gaara nígbà tí mo tanná wò ó.

Ìdáhùn: Ẹyin tó mọ́ gaara, kò sí ọmọ tó ń dàgbà nínú rẹ̀. Akọ mélòó lẹ ní? Akọ kan tó fún abo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí akọ bá pọ̀ jù, ìjà ni wọn yóò máa jà. Ẹ tún wo ibi tí ẹ ń kó ẹyin sí. Ooru yàrá onípáànù lóṣù kejì àti ìkẹta máa ń jí ọmọ inú ẹyin kí ìyá rẹ̀ tó sàba, á sì kú. Ẹ̀gbẹ́ àmù ló dára, kí ẹnu ṣóńṣó ẹyin kọjú sílẹ̀, kó má sì ju ọjọ́ méje lọ. Ẹ má fọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì LAUTECH ni mí. Mo fi ẹ̀rọ kékeré pa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ nígbà ọyẹ́. Púpọ̀ nínú wọn lu èèpo, wọ́n sì kú síbẹ̀.

Ìdáhùn: Gbígbẹ ni, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń fa omi inú ẹyin jáde jù. Awọ fẹ́lẹ́ abẹ́ èèpo á wá gan, á lẹ̀ mọ́ ọmọ náà lára, kò sì ní lè yíra láti gé èèpo jáde. Wo ohun tí abo pẹ́pẹ́yẹ ń ṣe: á dìde lọ jẹun, á wẹ̀, á sì gbé ìyẹ́ tútù padà sórí ẹyin. Ohun tí ẹ̀rọ rẹ kò lè ṣe nìyẹn. Jẹ́ kí ooru rẹ̀ wà ní 37.5°C, fi àwo omi fífẹ̀ sínú rẹ̀, kí o sì máa wọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ẹyin lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, má yí ẹyin mọ́, fi omi kún àwo náà, má sì máa ṣí ẹ̀rọ wò. Bí iná bá lọ, fi aṣọ nípọn bò ó.

Ọmọ tó ti lu ihò lè lo ọjọ́ kan sí méjì kó tó jáde. Má fi èékánná bá a ṣí i. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú awọ yẹn, pupa ẹyin ṣì ń wọ inú rẹ̀ lọ. Àánú ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Bó o bá sì rí abo tó ń sàba, gbé ẹyin fún un, ó mọ iṣẹ́ náà ju ẹ̀rọ lọ.

Ìbéèrè: Ẹyin abẹ́ pẹ́pẹ́yẹ mi tó ń sàba ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́!

Ìdáhùn: Àwọn abo yòókù ló ń yé sí i. Ẹ sàmì sí méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ máa mú èyí tí kò ní àmì kúrò nígbà tó bá lọ jẹun.

Ìbéèrè: Ṣé adìẹ lè bá mi sàba lé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹyin mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí ẹ fún un. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sí tòsí rẹ̀, torí ó lè sú u lẹ́yìn ọjọ́ 21. Ẹ̀yin fúnra yín ni yóò máa wọ́n omi sí ẹyin.

Ìbéèrè: Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ mi pa tán, ọmọ sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo omi wọn. Kó jìn tó kí wọ́n lè ki imú bọ̀ ọ́, kó má jìn tó láti rì wọ́n. Àwọn tí adìẹ pa tàbí tí ẹ̀rọ pa kò ní òróró ìyá lára ìyẹ́, nítorí náà òjò kan ti tó láti fi otútù pa wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ wo oúnjẹ. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó ti bu kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, torí májèlé inú rẹ̀ tí adìẹ lè fara dà máa ń pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.