Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí iná ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi

Bí ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 bá kọ̀ tí kò sítáàtì, CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná plọ́ọ̀gì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ rà. Owó ńlá ni, ẹni tó tà á kì í sì í gbà á padà tí ẹ bá ti so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ní etí ọ̀sà wa, ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀ ni omi iyọ̀ ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ má pààrọ̀ ohunkóhun tí ẹ kò tíì fi mítà iná wọ̀n.

Ẹ má sì dá bátìrì lẹ́bi nítorí pé plọ́ọ̀gì kò tanná. Nínú ẹ́ńjìnnì tusítrókù tí à ń fi okùn fà, bíi Enduro 40, abẹ́ fíláwíìlì, àgbá irin tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, ni iná plọ́ọ̀gì ti ń wá. Kódà bí bátìrì kò bá sí nínú ọkọ̀ rárá, ó yẹ kó ṣiṣẹ́. Fósítrókù tó ń lo kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: bí bátìrì rẹ̀ bá ti rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò ní sítáàtì.

Fún ẹ́ńjìnnì tó ní sítátà, fóòtì 12.6 lórí bátìrì tó sinmi kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ìgbà tí sítátà bá ń yí ni kí ẹ wò ó. Bó bá já sí ìsàlẹ̀ fóòtì 9.6, bátìrì náà ti ń kú, tàbí kí sítátà máa jẹ iná jù.

Àṣìṣe tó ń náni lówó jù ni kí á fi ojú lásán yẹ wáyà wò. Rọ́bà òde lè máa dán, kí bàbà inú rẹ̀ sì ti dúdú bí èédú. Ẹ gbé ẹnu mítà pupa lé orí bátìrì fúnra rẹ̀, kì í ṣe lé irin tó dì í mú. Ẹ gbé dúdú lé nọ́ọ̀tì ibi tí wáyà pupa ti wọ sítátà, kí ẹnìkan wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá kà ju fóòtì 0.5 lọ, iná ń sọ nù sínú wáyà yẹn. Ẹ ṣe bákan náà láti orí dúdú bátìrì sí ara irin ẹ́ńjìnnì; apá yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, ibẹ̀ gan-an ló sì sábà máa ń bàjẹ́. Fífún nọ́ọ̀tì le sí i kò tó o. Ẹ tú u, ẹ fi sáńdípépà ha á títí yóò fi dán, ẹ dì í padà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi gírísì bò ó.

Súwíìṣì tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì náà ń tan èèyàn jẹ. Lára Yamaha, wáyà funfun ló ti CDI lọ síbẹ̀. Bó bá kan wáyà dúdú, iná plọ́ọ̀gì kú. Omi tó wọ inú súwíìṣì lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ tú wáyà funfun náà, kí jíà wà ní fríì, kí ẹ wá fa okùn ẹ́ńjìnnì. Bí iná bá padà, súwíìṣì ló bàjẹ́, CDI yín kò ṣe nǹkan kan. Ní àkókò yìí, kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa á mọ́. Ṣókù ni kí ẹ fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wáyà náà sílẹ̀ ní títú kí ẹ wá gbé ọkọ̀ jáde. Bí awakọ̀ bá ṣubú sómi, okùn tó so ó mọ́ súwíìṣì yẹn ló ń dá àbẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì dúró kó má baà gé e.

Bí ẹ bá ń dán plọ́ọ̀gì wò, ẹ má jẹ́ kó dá dúró nínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi wáyà so ara rẹ̀ mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná ńlá yẹn lè ba kọ́ìlì tàbí CDI jẹ́. Ẹ gbé e jìnnà sí ihò plọ́ọ̀gì, torí epo ń tú jáde níbẹ̀.

Mítà lásán kò lè wọn iná tó ń jáde láti inú CDI, torí ó yára jù fún un. Ó nílò ẹ̀rọ tó ń mú góńgó fóòtì, ìyẹn ibi tí fóòtì náà ga dé. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ yá CDI tó dára lára ẹ́ńjìnnì irú kan náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ gbogbo ìyókù wò.

Àwọn ríwáyà ọkọ̀ ilẹ̀ ló kó àṣà yíyọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ wá, láti mọ̀ bóyá ó ń ṣáájì. Rẹkitifáyà, ẹ̀yà tó ń yí iná ẹ́ńjìnnì padà sí irú èyí tí bátìrì ń gbà, lè jó lójú ẹsẹ̀. Mítà ni kí ẹ gbé sí i: bí ẹ bá mú kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i, ó yẹ kó wà láàárín fóòtì 13.5 sí 14.5. Bí fúùsì áńpì 20 bá sì jó, ẹ má fi wáyà tàbí fúùsì 30 rọ́pò rẹ̀. Wáyà ni yóò wá jó, ẹ̀gbẹ́ táńkì epo ló sì gbà kọjá.