Bí orin ìgbà èwe bá já wọlé lójú ọ̀nà Mallaig: bí ẹ ṣe lè dì í mú

Ọkọ̀ ojú irin tó ti Glasgow lọ sí Mallaig, ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, máa ń lò ju wákàtí 5 lọ lójú ọ̀nà. Ẹ ò wakọ̀, ẹ ò dáná, nẹ́tíwọ̀kì ò sì sí ní ọ̀pọ̀ ibi, pàápàá ní àbàtà Rannoch Moor. Òkè, adágún àti òjò wínníwínní ni ojú ń rí. Ọkàn tí kò bá ríṣẹ́ ṣe a máa tú ẹrù àtijọ́, ìgbà náà sì ni orin ààlọ́ àti orin eré òṣùpá tí ẹ ò gbọ́ mọ́ láti bí 30 ọdún máa ń yọjú. Kì í ju ìlà kan tàbí méjì lọ. Tí ẹ bá ní ó di ilé kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti sá lọ nìyẹn.

Ká ti ìjókòó bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó ń kúrò ní Glasgow Queen Street ni wọ́n so méjì pọ̀; tí wọ́n bá dé Crianlarich, wọ́n á já a, apá kan á gba Oban lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé. Ní Fort William, iwájú ọkọ̀ á di ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ dìde, kí ẹ wá ìjókòó sí ọwọ́ òsì ibi tí ọkọ̀ kọjú sí báyìí. Ọwọ́ yẹn lẹ ti máa rí afárá Glenfinnan dáadáa: ojú ihò 21, nǹkan bíi mítà 380 ní gígùn, kọnkéré lásán tí wọn ò fi irin sí nínú. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin ibẹ̀. Ẹ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ariwo wọn á ba ohùn tí ẹ bá gbà sílẹ̀ jẹ́.

Fóònù tó ní iná, ìwé kékeré àti pẹ́ńsù tó. Ẹ fi ohun tí ẹ fi ń gbọ́ orin sílẹ̀ nínú àpò, torí orin kan kì í fẹ́ kí èkejì ráyè. Ẹ tu ṣìngọ́ọ̀mù dànù pẹ̀lú. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Reading fi hàn pé jíjẹ ẹ́ máa ń dín orin tó há sí ni lọ́kàn kù: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń jẹ nǹkan kò ráyè bá ọkàn pe ọ̀rọ̀ orin. Ẹni tó fẹ́ lé orin lọ ni ìyẹn wúlò fún.

Bí orin bá dé, ẹ má sáré lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kí ẹ gbà á sórí fóònù: fóònù ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu, 20 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì fi orúkọ ibùdókọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá kún un. Níbi tí orin bá ti já, ẹ má dúró síbẹ̀ máa ronú. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sáré wá, kí ẹ fi "lá-lá" bo ojú ihò náà, kí ẹ máa bá a lọ. Tó bá jẹ́ orin eré tó ní àtẹ́wọ́, ẹ máa fi ìka lu itan yín bí ẹ ṣe ń ṣe é nígbà yẹn. Ọwọ́ a máa rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé.

Ibi tí èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́ jù nìyí: nínú orin ìbílẹ̀, ohùn orin sábà máa ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù tí ohùn ṣẹ́ kù, ẹ kọ dò-re-mí rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní orúkọ ẹyẹ kan ló sọnù, tí ohùn ibẹ̀ sì jẹ́ re-re-mí. Àdàbà kò lè wọ ibẹ̀, dò-dò-dò ni. Àkùkọ kò lè wọ̀ ọ́, dò-dò-re ni. Ẹyẹlé wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Àmọ́ ohùn máa ń wálẹ̀ bí ìlà bá ṣe ń lọ sópin, débi pé mí ìparí lè relẹ̀ ju re ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Sílébù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ọgbọ́n yìí kì í sì í ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ orin ìsìn àtijọ́ tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, torí ohùn òyìnbó ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wa kà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ìlà kan tí ẹ mọ̀ lẹ́nu lásán; bí ẹnu bá gòkè níbi tí orin ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ pa dò-re-mí tì.

Nínú orin ààlọ́, ègbè ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé, kò sì yẹ kó yà yín lẹ́nu. Ọmọdé ló ń gbè é. Àgbàlagbà tó ń pààlọ́ ló ń lé e. Ó ṣeé ṣe kí lílé orin náà má ti sí lẹ́nu yín rí. Ẹ má wulẹ̀ fi ìyókù ìrìn àjò wá a. Ẹ pe ẹni tó lé e, tàbí àbúrò rẹ̀. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago Ìlú Ọba àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Ní ìyókù ọdún, Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣáájú. Ohùn tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp á dúró dìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé.

Nígbà tí Ìyá Àgbà bá gbé fóònù, ègbè nìkan ni kí ẹ dá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n máa ń lé sí èyí?" Kí ẹ wá dákẹ́. Bí ẹ bá kọ gbogbo èyí tí ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú ọkọ̀, màmá lè gbà á bẹ́ẹ̀ láti tẹ́ yín lọ́rùn, tiwọn á sì bọ́ sọnù. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ wá a lórí YouTube: lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá ti gbọ́ ti ibẹ̀ pẹ̀lú dùùrù àti ìlù, tilé yín kì í rọrùn láti yọ kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń kọ orin kan náà ní Ìjẹ̀bú lè yàtọ̀ sí ti Èkìtì tàbí Ọ̀yọ́. Ẹ má ṣàtúnṣe ìkankan. Ẹ kọ ìlú àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà tí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀, ẹ fa ìlà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ kọ dò-re-mí rẹ̀ sábẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.